Bí Ṣóbándé Ṣe Ṣẹ́gun Anpilifáyà Ńlá

Ṣóbándé ti dojú bolẹ̀ lẹ́yìn sípíkà, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, wáyà lọ́wọ́: Ṣóbándé ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìjẹmọ̀, ọmọ ẹni tó rọ ọkọ́ fún baálẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn ò rántí dúpẹ́, Ajagun-má-kúrò-ní-pálọ̀, erin tí í mi ilé ara rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn ìyá Àṣàkẹ́, aya rẹ̀, wà nínú rẹ̀, níbi tí olóògbé ti ń ki ọmọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nítorí rẹ̀ ni akọni ṣe so anpilifáyà méjì mọ́ sípíkà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè: kí èyí ńlá gbé ìlù, kí kékeré gbé ohùn. Ṣùgbọ́n nílé Ṣóbándé, àgbà ní í mú ẹran tó tóbi. Ó yí bọ́tìnì anpilifáyà ńlá dópin, ó fi ti kékeré sí ìdajì. Ilé mì bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin ń gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọjá.

“Bàbá Fọlárìn, ìlù nìkan ni mò ń gbọ́,” ni Àṣàkẹ́ wí. “Ìyá mi dà?”

“Wọ́n ń bọ̀.”

“Bí wọn ò bá dé kí iyán ọ̀sán yìí tó kúnná, àwọn adìẹ mi ló máa yé sínú àpótí anpilifáyà méjèèjì. Ẹ wá bá mi gún un.”

Akọni gbé ọmọ odó. Ó gún bí ẹni ń wó odi ìlú, iyán ta sára ògiri, ọmọ odó Àṣàkẹ́ ò rí ibi balẹ̀ sí.

“Ẹ rọra. Ẹni méjì kì í gún odó kan kí ọ̀kan máa jagun.”

Ṣóbándé dúró. Ó wo ọmọ odó méjèèjì. Ó sọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó padà sójú ogun, ó di bọ́tìnì ńlá mú bí ẹni di ìwo ẹfọ̀n mú, ó sì ń fà á bọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ìlù ńlá àti ohùn kékeré fi dọ́gba.

Ìlù wọlẹ̀ jókòó. Lórí rẹ̀, ohùn arúgbó kan dìde, ó mọ́ gaara: “Àṣàkẹ́ ọmọ mi, má wẹ̀yìn.”

Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, iyán lọ́wọ́.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Kí Ìjẹmọ̀ gbọ́, kí àwọn adìẹ náà gbọ́: Ṣóbándé ti ṣẹ́gun, àpótí kò di ìtẹ́.

Nínú ìpele mẹ́wàá tó wà lára bọ́tìnì ńlá, méje ló ṣẹ́kù láìlò.