Egungun Tó Lẹ̀ Mọ́ Mi Láhọ́n

Ọjọ́ kan wà nínú ààwẹ̀ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí láé. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta ni mò ń kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Malete nígbà náà, a sì ti lọ fọ́ òkúta lápá Lọ́kọ́ja. Nínú ṣéèlì, òkúta dúdú tó máa ń ṣí ní ìpele-ìpele, ni mo ti rí nǹkan roboto kan tí kò tó èékánná. Olùkọ́ wa ní, "Bó o bá lè sọ ohun tó jẹ́ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun lo máa fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Bó ò bá lè sọ ọ́, wàá lọ máa wọn omi kànga bíi tàwọn yòókù." Èmi tí mo kórìíra kànga!

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí ìwé. N ò rí nǹkan kan. Lọ́sàn-án Sátidé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa l'Ọ́jà Tuntun, mo wá rántí pé àwọn onímọ̀ òkúta máa ń fi ahọ́n dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ egungun àtijọ́, á lẹ̀. Mo yọ ahọ́n síta, mo gbé nǹkan roboto náà lé e. Ó lẹ̀! Mo fò sókè, ni ìyá mi bá jáde.

"Haba! Kí lò ń lá nínú ààwẹ̀?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ ta ló ń fi ahọ́n tó wà níta sọ̀rọ̀? "Ẹun-ẹun" nìkan ló ń jáde.

"Àlùfáà, ẹ gbà mí o! Ọmọ yín ń jẹ òkúta!"

Bàbá mi sáré dé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo já nǹkan náà kúrò láhọ́n, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri wọnú òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ táwọn bíríkìlà kó síwájú ilé. Mo bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni mo tún ti rántí pé amọ̀ gbígbẹ náà máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, pé gbogbo ìtìjú mi ò tíì fi nǹkan kan hàn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀ nínú oòrùn, a ń ṣa òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màámi ló rí i. Wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Èyí lo torí ẹ̀ ń sunkún? Egungun ẹ̀yìn ẹja mà ni."

Ẹja gbígbẹ ni Màámi ti ń tà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n wọlé, wọ́n ya ẹja kan, wọ́n yọ oríkèé ẹ̀yìn rẹ̀ kan, wọ́n gbé e ti tèmi. Méjèèjì ṣe roboto, wọ́n jinnú níhìn-ín, wọ́n jinnú lọ́hùn-ún. Ọ̀kan ṣì jẹ́ egungun, ọ̀kan ti di òkúta. Orí mi wú.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti kú?"

"Màámi, kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé ni."

"Subuhanallahi," ni bàbá mi wí. Ìyá mi kó egungun méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún olùkọ́ wa pé egungun ẹ̀yìn ẹja ni, wọ́n sì wò ó fínnífínní. "O tọ̀nà. Ìwé wo lo ti rí i?"

"Ìyá mi ni, sà. Ẹja ni wọ́n ń tà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún mi ní pírójẹ́ẹ̀tì mi. Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí ìwé, mo máa ń kọ́kọ́ bi ará ilé mi. Ohun tó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì ń tì mí lójú, ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá ìdáhùn kiri, ẹja ni mo fi ń ṣínu lálaalẹ́, irú egungun yẹn gan-an ni mo sì ń tu sílẹ̀.