Orúkọ Olóyè àti Ẹlẹ́dẹ̀ Moelagi

Yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé rédíò abúlé wa ní erékùṣù Savaiʻi. Moelagi ló ń tọ́jú orin ibẹ̀; Penitala, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Auckland lókè òkun dé, ló ní òun mọ inú kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi Salu akọrin jẹ oyè Vaimatagi ni.

MOELAGI: (Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.) Penitala, aago mọ́kànlá ti kọjá o! Bí agogo ọ̀sán bá lù, gbogbo ìdílé Vaimatagi á jókòó ti rédíò kí wọ́n gbọ́ orin olóyè tuntun wọn. Èmi sì gbọ́dọ̀ ru ẹní tí a fi ń ta olóyè tuntun lọ́rẹ lọ síbẹ̀. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà yìí á dá máa gbé orin sáfẹ́fẹ́, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

PENITALA: Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí.

MOELAGI: Ọkàn wo? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà, mo fi pe olóyè kan lórúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nígbà tó ń tọ̀ sílé. Ìgbìmọ̀ abúlé ní bí a bá tún rí olóyè fín lẹ́ẹ̀kan sí i, abo ẹlẹ́dẹ̀ mi làwọn máa gbà. Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní!

PENITALA: Ní Auckland, Àǹtí...

MOELAGI: Ṣé Auckland ló ń bá mi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni?

PENITALA: Ẹ gbọ́ ná. Orin kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì. Ọ̀kan lẹ̀ ń rí níta yìí. Ìkejì fara pamọ́ sábẹ́. Òun ni kọ̀ǹpútà fi ń tò wọ́n, tó fi ń mọ ẹni tó máa wà lókè àti ẹni tó máa wà nísàlẹ̀.

MOELAGI: Hẹn-ẹn. Kọ̀ǹpútà náà ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn nìyẹn.

PENITALA: Orúkọ abẹ́ yẹn ló dàrú. Ẹ wo Salu: ó wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún, ó tún wà lábẹ́ “Salu àti Àwọn Ọmọ Etíkun”. Ọkùnrin kan, ilé mẹ́ta.

MOELAGI: Ó pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

PENITALA: (Ó ń tẹ̀ ẹ́ wàrà-wàrà.) Ó ti tán! “Salu, Vaimatagi.”

(Moelagi gbá a lábẹ̀bẹ̀ lórí.)

MOELAGI: O gbé oyè sẹ́yìn orúkọ? Oyè ló ń ṣáájú! O mú odindi olóyè, o fi í jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí àpò kókò!

PENITALA: Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo láyé, Àǹtí.

MOELAGI: Kí ibi gbogbo láyé wá san ẹlẹ́dẹ̀ mi nígbà náà.

PENITALA: Ó dáa, ó dáa. Mo fi oyè nìkan sí i: Vaimatagi. Ẹ wò ó, orin mọ́kànlélógún wà lójú kan!

MOELAGI: Mọ́kànlélógún bí i ti báwo? Mẹ́sàn-án ni Salu kọ láyé rẹ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ti òkè yẹn.

(Ohùn arúgbó kan ń kọ orin ìsìn, ó ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń ha àgbọn.)

MOELAGI: Yéè! Bàbá bàbá Salu nìyẹn! Wọ́n ti sin ín kí n tó lọ sílé ọkọ.

PENITALA: Kọ̀ǹpútà ní Vaimatagi ni.

MOELAGI: Kò parọ́. Òun náà jẹ ẹ́. Tẹ òmíràn. (Orin ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀.) Èyí ni àbúrò bàbá Salu, tó wà láàyè, tó sì tètè ń bínú. Vaimatagi lòun náà.

PENITALA: Ẹni mélòó ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí?

MOELAGI: Ṣé ṣòkòtò loyè ni, tí ẹnì kan á nìkan kó sínú rẹ̀?

PENITALA: Kọ̀ǹpútà ti sọ wọ́n di ẹnì kan, Àǹtí. Ó ti kú, ó tún wà láàyè. Ó ń kọ orin ìsìn, ó tún ń kọrin sí obìnrin.

MOELAGI: Mo mọ díákónì kan bẹ́ẹ̀.

PENITALA: Ẹ jẹ́ ká fi a-b-d tò wọ́n.

MOELAGI: Tí a bá ń pín ava, ohun mímu àwọn olóyè, ṣé a-b-d là ń wò ká tó gbé igbá fún ẹni tó máa kọ́kọ́ mu? Bí Salu bá mu ṣáájú àbúrò bàbá rẹ̀, ìjà ni. Bí orin rẹ̀ bá ṣáájú, ìjà náà ni. Fi nọ́ńbà sí i! Òkú, ọ̀kan. Àbúrò bàbá, méjì. Salu, mẹ́ta.

PENITALA: Ọjọ́ Salu lòní mà ni!

MOELAGI: Ká ní mo jẹ́ kó ṣáájú, ọjọ́ ẹlẹ́dẹ̀ mi ni ì bá jẹ́. Kí òkú kọ orin ìsìn, kí gbogbo wọn tẹrí ba. Kí àbúrò bàbá kọ tirẹ̀, kí inú rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn náà kí Salu máa kọ ọ́ lọ títí ẹnu á fi ro ó.

(Penitala tẹ nọ́ńbà. Moelagi tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.)

MOELAGI: Ta tún nìyí tó gun orí òkú? “000 Penitala.”

PENITALA: Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì, Àǹtí.

MOELAGI: Lẹ́ẹ̀mẹta? Àṣé ìwọ lò ń pariwo lórí rédíò ní ọ̀sán gangan bí ẹni tí oyin ta nídìí! Mo ti ń fi onítọ̀hún sádùúrà.

PENITALA: Orin ìwòyí ni...

MOELAGI: O jẹ oyè?

PENITALA: Rárá, mà.

MOELAGI: Àwọn wo ló ń gbé igbá ava káàkiri?

PENITALA: Àwa tí a kò jẹ oyè.

MOELAGI: Ìgbà wo lẹ sì ń jẹun?

PENITALA: Tí àwọn tó kù bá jẹ tán.

MOELAGI: Lọ sísàlẹ̀ pátápátá! Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Àkùkọ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti fi jí abúlé gan-an gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ.

(Penitala tẹ ẹ́ tìrònú-tìrònú. Moelagi bẹ̀rẹ̀, ó ń di ẹní. Penitala fẹ́ rí ibi tí òun já sí nísàlẹ̀. Ó tẹ ọfà kékeré kan lókè ìwé orúkọ náà. Wìì! Gbogbo rẹ̀ dojú dé: ẹni ìsàlẹ̀ di ẹni òkè, òkú rèé ní ìsàlẹ̀. Níta, wọ́n ti ń fi irin lu òfìfo àgbá gáàsì tó jẹ́ agogo ọ̀sán wa.)

PENITALA: Àǹtí, ẹ dúró ná!

MOELAGI: Ta ló fẹ́ dúró?

(Ó tẹ bọ́tìnnì. Láti ilé dé ilé ni ohùn kan ti bú jáde: “Yéèè! Penitala ti dé! Ẹ yàgò!” Kò pẹ́, fóònù ń dún. Moelagi gbé e.)

MOELAGI: Mo gbọ́ yín, olóyè... Gbogbo ìdílé pátá?... Pásítọ̀ náà gbọ́ ọ?... Ẹlẹ́dẹ̀, olóyè? Ẹ má wulẹ̀ rán ẹnikẹ́ni wá mú un. (Ó gbé ìdì ẹní lé Penitala lórí, ó tì í sẹ́nu ọ̀nà.) Ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ru ẹní, Penitala ló ń jẹ́.