Ọjọ́ Tí Orí Ìbídùnní Wọ Inú Kọ́là

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹ̀rù kì í ba orí kó sá wọ inú ọrùn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ pa á, níbo ló ti pa á, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí orí ọ̀hún. Ẹnu wọn á wọhò. Èmi wà níbẹ̀. Ó ṣojú mi kòró, àlùmágàjí mi sì wà lápò mi.

Télọ̀ ni mí. Ẹnu ọ̀nà yunifásítì kan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí èmi ni mo ṣì ń rán gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún wọn. Bàbá Mùfú ni gbogbo ọgbà ń pè mí. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: bí èèyàn ṣe ń ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ tán, tó tún ń wá oyè másítà, ló ń kọ́ ọ. Á wá ohun tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu, á bi wọ́n léèrè, á ṣe ohun tó máa mú ìyọnu náà kúrò, á wá gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà rẹ̀. Ìgbèjà yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rù ju ikú lọ.

Ìbídùnní wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́n tó o, kò sì sẹ́ni tó ya ojo tó o. Tó bá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Tí ẹni mẹ́ta bá ti jọ wò ó, ohùn rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dé iwájú ìgbìmọ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló rí sọ. Ìgbà kejì, kò rí ìyẹn pàápàá sọ, ẹkún ló sun. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn ń dé ibẹ̀. Bí kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ọdún mẹ́ta tó fi kàwé á sì wọgbó.

Ohun tó ṣe ni kóòtù òjò fún àwọn ọlọ́kadà. Ó lọ jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí wọ́n ń tò sí, ó bi ogójì nínú wọn léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ní kò sí òjò tó ń bí àwọn nínú bí èyí tó ń gba ọrùn ṣàn wọ ẹ̀yìn. Ìbídùnní wá ya kóòtù kan tó ní kọ́là ńlá, ìyẹn ọrùn aṣọ, sórí ìwé, èmi sì rán an. Bí o bá fa okùn tó wà níbàdí, kọ́là á gòkè díẹ̀, á dún kẹ́rẹ́, eyín tó dà bíi ti sípù á dì í mú, kò ní wálẹ̀ mọ́, kí atẹ́gùn má baà já a. Bí o bá fà á títí, á bo gbogbo orí pátá, bí ìgbà tí ìgbín bá wọlé. Ike tó mọ́ gaara wà níwájú tí wọ́n á fi máa rí ọ̀nà, mo sì lu ihò atẹ́gùn sábẹ́ etí méjèèjì.

Bọ́tìnnì tó ń tú u sílẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ní bó bá wà níwájú, ọwọ́ ọ̀kadà á máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo kòtò. Wọ́n ní kó wà lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, kí èrò tó bá jókòó sẹ́yìn máa bá wọn tẹ̀ ẹ́.

“Bí kò bá wá sí èrò lẹ́yìn ńkọ́?” ni mo bi Ìbídùnní.

“Bàbá Mùfú, ọlọ́kadà wo ni kì í gbérò?”

Mo rán an sẹ́yìn. Ogójì èèyàn ló ti bi, ẹnìkan ṣoṣo sì ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà ṣì ń há mi lọ́fun títí dòní.

Ọjọ́ ìgbèjà pé. Òfin mìíràn tún wà: oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá jókòó sínú yàrá náà, kí wọ́n lè bi í bóyá òun ló ronú ẹ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í, kò sì gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan ọjà náà. Bó bá fọwọ́ kàn án, tiẹ̀ ni wọ́n á kà á sí, akẹ́kọ̀ọ́ ti fìdí rẹmi. Ọjà náà sì gbọ́dọ̀ wà lódindi títí ìgbìmọ̀ á fi dìde. Wọ́n kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo ń gboyè.

Ẹni mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì. Alága wà láàárín. Dókítà Ìgè, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ Ìbídùnní, wà lápá òsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè, tí wọ́n pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, wà lápá ọ̀tún. Ọkùnrin gìrìwò ni Ajíbóyè yìí. Wọ́n ní ó dá akẹ́kọ̀ọ́ méje padà lọ́jọ́ kan níbì kan, ó lọ jẹun ọ̀sán, ó wá padà dá ìkẹjọ náà padà.

Ìbídùnní wọlé nínú kóòtù rẹ̀. Ó di okùn ìbàdí mú bí ọmọdé ṣe ń di ìró ìyá rẹ̀ mú. Mo rí ọwọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

“Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà,” ló wí. Mo ní ó dáa, ó ti ju ti ìgbà kejì lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè bọ́ awò ojú rẹ̀. “Arábìnrin, ta ló sọ fún ọ pé ọlọ́kadà ń wá kóòtù?”

Ìbídùnní la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ó fa okùn láìmọ̀, kọ́là dún: kẹ́rẹ́. Ó dé àgbọ̀n.

“Mo ní, ta ló sọ fún ọ?”

Kẹ́rẹ́. Ó bo ẹnu.

“Ìbídùnní, fara balẹ̀,” ni Dókítà Ìgè wí. “Sọ ti ogójì èèyàn yẹn fún wọn.” Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó bo imú.

Ó ń ṣe mí bíi kí n kígbe pé kó ju okùn yẹn sílẹ̀. Mo rántí òfin, mo pa ẹnu mi dé. Ẹ̀rù ń bà mí gidi, torí mo mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò nínú yàrá náà: kò sí èrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè pa ìwé rẹ̀ dé jẹ́ẹ́. “Alága, èmi ò rò pé ó yẹ ká tún máa fi àkókò ṣòfò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí ẹ̀. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Kọ́là pàdé lókè. Èémí gbígbóná bo ike iwájú, ike funfun báláú. Mo ti ń ránṣọ fún ọdún mọ́kàndínlógójì, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Èèyàn dúró níwájú wa, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó ní èjìká, ó ní ọrùn, kò ní orí.

Alága dìde, ó tún jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè ti sún àga rẹ̀ dé ara ògiri. “Orí ẹ̀ dà?” ló ń bi alága, bí ẹni pé alága ló gbé e. Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ti fẹ́ tú u, ó ń na apá méjèèjì sẹ́yìn, ọwọ́ ò tó bọ́tìnnì. Ó yí po, ó yí po, ó fi ìdí gbá tábìlì, omi tó wà lórí rẹ̀ dà sórí ìwé èsì. Dókítà Ìgè sáré wá, ó fa kọ́là sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, kò mì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo mọ̀ pé kò ní já. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo kábàámọ̀ pé mo mọ iṣẹ́.

“Bàbá,” ni alága wí, òógùn ti bò ó, “ṣé àlùmágàjí wà lọ́wọ́ yín?”

Ó wà. Bí mo bá gé kóòtù yẹn, kò sí lódindi mọ́, ìgbà kẹta ti bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùnní nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ti parẹ́. Bí mi ò bá gé e, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá tán ńkọ́? Mo lu ihò méjì sí i lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, ta ló ń rántí ihò tó lù? Mo dìde. Mo yọ ọ́. Irin dún: ṣẹ́kẹ́.

Ìbídùnní ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi tó láti mọ ìró àlùmágàjí mi.

“Ẹ má gé e.”

Gbogbo wa dúró gbọnin. Ohùn náà wá láti inú kọ́là, ó ki, kò sì gbọ̀n rárá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí mo ní kó ṣe ló ń ṣe, èrò ni kò sí. Kí ẹnìkan bá mi gbé àga méjì wá. Màá jókòó síwájú, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn mi bí ẹni gun ọ̀kadà. Bàbá Mùfú, ẹ jókòó, ẹ má fọwọ́ kàn mí.”

Mo jókòó. Dókítà Ìgè gbé àga méjì náà wá, Ìbídùnní jókòó, àmọ́ òun ò lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀, nítorí alábòójútó ò gbọdọ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ dán ọjà wò. Orúnkún ń dun alága. Gbogbo wa wá ń wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó gun àga, ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún.

“Ibo ni kí n dì mú?” ló béèrè.

“Èjìká mi, sà. Bọ́tìnnì wà láàárín. Àmọ́ ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi mí ní ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi mí. Níbi tí mo wà yìí, mi ò rí ojú yín.”

Bí ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń béèrè láti ẹ̀yìn, kọ́là ń dáhùn láti iwájú. Ta ló sọ fún un? Ogójì ọlọ́kadà, ó sì dárúkọ mẹ́wàá nínú wọn. Kí ló dé tí kò fi ṣe fìlà? Atẹ́gùn á gbé fìlà lọ. Báwo ló ṣe mọ̀ pé kò ní jò? Ó wọ̀ ọ́ dúró lábẹ́ omi ẹ̀rọ fún odindi wákàtí kan, Bàbá Mùfú ló ṣí ẹ̀rọ náà. Wọ́n lò tó ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kadà tí kò ní táyà yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè wí. “Kí ni àṣìṣe tó wà nínú ọjà rẹ?”

Kọ́là dáhùn: “Mo bi wọ́n nípa òjò, sà. Mi ò bi wọ́n nípa ìgbà tí wọ́n bá dá wà, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bàbá Mùfú kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́.”

Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì, kọ́là já wálẹ̀, orí Ìbídùnní yọ síta. Ó rí wa, ẹ̀rù tún bà á, ọwọ́ rẹ̀ tún ń lọ sídìí okùn. Ajíbóyè ti di okùn náà mú kó tó dé ibẹ̀.

Wọ́n ní ká jáde. Àwa méjèèjì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kàn ń ṣí àlùmágàjí, mo ń pa á dé. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, alága gbé ìwé tó ṣì tutù sókè, ó kà á: Ìbídùnní ti yege, tó bá ti ṣe àtúnṣe kan ṣoṣo. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ò jẹ́ kéèyàn yege láìsí àtúnṣe. Bí áńgẹ́lì bá gbèjà níbẹ̀, wọ́n á ní kó lọ tún ìyẹ́ rẹ̀ tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àtúnṣe náà: “Nínú ọjà tó bá pé, ẹ̀rù kì í ba orí kó sá wọ inú ọrùn.”

A gbé bọ́tìnnì wá síwájú, mo rán ìdérí lé e kí kòtò má baà tẹ̀ ẹ́, Ìbídùnní sì gba oyè rẹ̀. Mo lẹ ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ á yà kà á, á lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Wọ́n gé ti “ọjà tó bá pé” kúrò níwájú rẹ̀, ó di òwe. Ẹni tó bá ní àwọn àgbà kọ́ ló pa á, kó sọ fún mi: àgbà wo ló ju ọ̀jọ̀gbọ́n tó gun àga bí ọ̀kadà lọ?

Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú ẹni tí ojú rẹ̀ ń já yín láyà, ẹ ju okùn ọwọ́ yín sílẹ̀. Ẹ̀rù kì í ba orí kó sá wọ inú ọrùn. Ó bà á rí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọ ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ a ti ṣe àtúnṣe rẹ̀.