Páṣà Orí Pápá

Híkímátù Páṣà ní bàtà yìnyín kan. Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Jámánì, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ìwé tí ilé ìtajà lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, funfun báláú.

Ẹni tó ní bàtà yìnyín fún ọdún mẹ́rin, tí abẹ́ rẹ̀ ò tíì tutù rí, a kì í pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀gá là ń pè é.

Òun ni ọ̀gá ojú ọ̀nà ní Ayin-Sáru, ìlú kékeré kan lórí òkè ní Jọ́dáànì. Katapílà kan ṣoṣo ni ìlú náà ní tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Páṣà lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ katapílà náà. Nínú àwòrán ọ̀hún, ó na ìka síwájú, bí ẹni tó ń lé yìnyín padà sí sánmà.

Oyè ọ̀gágun ni Páṣà. Híkímátù ò jagun rí. Sájẹ́ńtì ni nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun, ilé tí wọ́n ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ló ń ṣọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé oyè lọ sílé, ó sì gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tẹ̀ lé e. Bí o bá pè é ní Bàbá Gálíbù, bí gbogbo ayé ṣe ń fi orúkọ àkọ́bí pe baba, kò ní dá ọ lóhùn. Á ní etí ọ̀tún òun ò gbọ́ràn dáadáa. Pè é ní Páṣà, etí á là.

Ọ̀rọ̀ kan ló sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ní ìgbà òtútù. Bí o bá pè é lórí fóònù: "Mo wà lórí pápá." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó wá gbé gáàsì: "Orí pápá ni mò ń lọ."

Fáwásì ló ń wa katapílà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pàápàá láti ọdún tó kọjá.

Ní ọdún tó kọjá, nínú yìnyín, àyà bàbá rẹ̀ dì. Katapílà wà lẹ́nu ọ̀nà Páṣà, kí àwọn oníròyìn lè bá a níbẹ̀. Fáwásì pe Páṣà lórí fóònù pé òun fẹ́ fi ṣí ọ̀nà ọsibítù. Páṣà ní, "Dúró de àṣẹ." Fáwásì dúró. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán ni àṣẹ dé. Bàbá ti lọ ṣáájú àdúrà.

Páṣà wá síbi ìsìnkú. Ó jẹ ìrẹsì àti ẹran àgùntàn, àwo méjì. Ó nu ẹnu, ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ọ̀nà kúkú ṣí sílẹ̀."

Fáwásì kó àwo méjèèjì kúrò níwájú rẹ̀.

Lọ́dún yìí, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ kéde pé yìnyín ńlá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ní gbogbo ibi tó bá ga ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tì. Ọ́fíìsì tì. Kí ẹnikẹ́ni má jáde.

Wọ́n ní kí èèyàn má jáde, ni gbogbo èèyàn bá jáde, wọ́n lọ ra ohun tí wọn ò fi ní jáde. Ilé búrẹ́dì kún dé ojú títì. Ìyá Rámì, tó jẹ́ pé òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nílé, gbé àpò búrẹ́dì mẹ́jọ.

"Ìyá Rámì, ṣé yìnyín ló ń bọ̀ ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ gbé?"

"Ẹ jẹ́ n ráyè kọjá! Ẹ̀yin náà lẹ máa wá tọrọ rẹ̀ lọ́la."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹgbẹ̀rin mítà, kí ló kàn yín? Òjò lásán ni tiyín."

"Ta ló wà ní ẹgbẹ̀rin? Ilé wa fi àádọ́ta lé ní ẹgbẹ̀rún! Bàbá ọkọ mi ló wọ̀n ọ́n kó tó kú!"

Bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹni tí ò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, ó mọ iye mítà tí ilé òun fi ga.

Páṣà dé. Kò tò sórí ìlà.

"Ẹ yàgò! Àpò mẹ́wàá, fún àwọn òṣìṣẹ́ orí pápá!" Òṣìṣẹ́ orí pápá, Fáwásì nìkan ni, Fáwásì ò sì rí búrẹ́dì kankan. "Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ mítà. Ilé tèmi, ẹgbẹ̀fà mítà!"

Ògiri kan náà ni ilé Páṣà àti ti Ìyá Rámì jọ ń lò. Páṣà nìkan ló fi àádọ́jọ mítà ga ju ògiri ara rẹ̀ lọ.

Fáwásì sún mọ́ ọn.

"Páṣà, ti Àlájà Wátífà."

Opó ni Àlájà Wátífà, ẹni àádọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń wo ilé Páṣà lọ́ọ̀ọ́kán. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Lọ́jọ́ Ajé, àgbàrá dí ọ̀nà, kò lè lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí. Dókítà ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ pa ti Ọjọ́rú jẹ, bó bá fẹ́ rí Ọjọ́bọ̀.

"Ọkọ̀ ọsibítù máa dúró ní oríta lọ́la títí di agogo mẹ́sàn-án," Fáwásì ní. "Wọn ò ní dúró jù bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní agogo méje, kí n gbé e dé ibẹ̀."

"Ẹnu ọ̀nà mi ni katapílà ń sùn lónìí."

"Páṣà…"

"Rédíò máa pè mí láàárọ̀. Oníròyìn lè yọjú. Ṣé kí wọ́n wá bá mi bí ẹni tí ò ní katapílà ni? Bí ọba ò bá ní ẹṣin, ta ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ Àlájà ò mọ oníròyìn, sà."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Fáwásì kó o fún un. Páṣà sọ ọ́ sápò àyà, ó fọwọ́ gbá a.

"Dúró de àṣẹ."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn ìlà: "Páṣà orí pápá! Ọkọ katapílà! A-fẹnu-kó-yìnyín! Àdán tó ní òun ga ju òrùlé tó so rọ̀ mọ́!"

Páṣà juwọ́ sí wọn. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Yìnyín náà wá lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dé orúnkún. Omi dì nínú páìpù. Waya iná tẹ̀ bí ìlà aṣọ tí wọ́n sá kúbùsù tútù sí. Fáwásì fi ẹsẹ̀ gun òkè. Bó ṣe ń kọjá ilé Àlájà, ó rí i lójú fèrèsé. Ó ti wọ kóòtù. Àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó juwọ́ sí Fáwásì, bí ìgbà tó ní kó má ṣe ìyọnu.

Agogo mẹ́jọ ti lù nígbà tó kan ilẹ̀kùn Páṣà. Ìyá Gálíbù ló ṣí i.

"Fáwásì! Wọlé kí òtútù má pa ọ́. Páṣà wà lórí pápá."

"Pápá wo, mà?"

Ìyá Gálíbù fi àgbọ̀n júwe yàrá.

Pápá náà fẹ̀ ní mítà méjì. Ìrọ̀rí mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Páṣà wà láàárín, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ìjọba mẹ́ta. Ààrò kẹrosíìnì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi èèpo ọsàn lé e lórí, ó ń ta sánsán. Ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ wà lára ìṣó. Wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Fóònù wà létí Páṣà. Ó na ọwọ́ sí Fáwásì pé kó dákẹ́.

Àwọn àgbà Yorùbá máa ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀-má-gbèsì. Ti Ámáànù, olú ìlú Jọ́dáànì, ń gbèsì o. Láràárọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lámísì máa ń gbé àwọn ọ̀gá ìjọba sórí fóònù, ará ìlú á sì pè wọlé láti fi wọ́n sùn lójú ara wọn. Gbogbo Jọ́dáànì ló ń gbọ́ ọ, pàápàá lọ́jọ́ tí kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè lọ.

"Páṣà, ẹ káàárọ̀ o. Níbo lẹ wà?"

"Lórí pápá, ọmọ mi! Láti ìgbà àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́! Inú katapílà gan-an ni mo wà báyìí!"

Ó ṣẹ́wọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ìyá Gálíbù mí kanlẹ̀, ó mú ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun, ó tàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Fùùùùù.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ afẹ́fẹ́ yẹn? Ẹgbẹ̀fà mítà!"

"À ń gbọ́ ọ o, kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Àwọn ọ̀nà ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ṣí! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí i! Èèyàn lè fi sílípáàsì rìn ín…"

Wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ irun dákẹ́ wẹ́lo.

"Páṣà, ṣé afẹ́fẹ́ ti dúró ni?"

"Ó… Ọlọ́run tóbi. Ó dúró."

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Bí tiwa ṣe máa ń ṣe lókè níbí nìyẹn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Páṣà ò rin ogún ọdún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló rìn, lórí ìdùbúlẹ̀.

"Ẹnì kan ń pè wá láti Ayin-Sáru kan náà," Lámísì ní. "Ìyá, ẹ máa wí."

Fáwásì mọ ohùn náà. Ó gbẹ, kò sì kánjú.

"Ọmọ mi, Àlájà Wátífà ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀jẹ̀ mi ni mo fẹ́ lọ fọ̀. Bá mi bi Bàbá Gálíbù, inú katapílà wo ló wà? Èyí tí mò ń wò láti ojú fèrèsé mi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló wà. Yìnyín ti bá a wé gèlè. Ológbò kan ló jókòó sórí rẹ̀. Àbí Bàbá Gálíbù ti di ológbò ni?"

"Páṣà?" Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lámísì.

"Arúgbó ni! Kò ríran mọ́!"

"Kíndìnrín mi ló kọṣẹ́, Bàbá Gálíbù. Ojú mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le, Páṣà," Lámísì ní. "Ẹ ní inú katapílà lẹ wà. Ẹ tàn án kí gbogbo wa gbọ́ ọ."

Páṣà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo àjà. Ó wá wo Fáwásì, bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó jù ú. Ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Sáré! Tàn án! Kó kàn ṣáà dún!"

Fáwásì hán an.

"Ṣé àṣẹ nìyẹn, Páṣà?"

"Àṣẹ ni! Sáré!"

"Mo gbọ́, sà."

Ológbò bẹ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bú ramúramù. Páṣà na fóònù sí fèrèsé.

"Ẹ ń gbọ́ ọ? Àbí ẹ ò gbọ́ ọ?"

"A gbọ́ ọ, Páṣà. Ó dún dáadáa. Àmọ́ ó dà bíi pé… ṣé ó ń jìnnà sí yín ni?"

Páṣà wo ìta. Katapílà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó na ìka síwájú, ó ń júwe ilé Àlájà Wátífà.

Ó gbàgbé pé fóònù wà lọ́wọ́ òun.

"Fáwásì! Padà! Ta ló ní kó o gbé e lọ? Ṣé kí n bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn wá bá ọ ni? Ọ̀nà tèmi gan-an o ò tíì ṣí i!"

 

"Páṣà," Lámísì rọra ní, "ibùsùn wo ló wà lórí pápá?"

Ìyá Gálíbù ò mọ̀ pé fóònù ò tíì kú. Ohùn rẹ̀ dé gbogbo Jọ́dáànì, ó tutù bí ti ìyàwó rere:

"Bàbá Gálíbù, ẹ jẹ́ n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò yín. Ìdí yín ti hàn síta."

Fáwásì gbọ́ ọ lórí rédíò inú katapílà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀nà. Irin iwájú ń gbá yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe yẹ kó gbá a. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló wà tó lè gbà á nígun òkè yẹn, ẹnu géètì Páṣà sì ni. Yìnyín ibẹ̀ ga tó géètì kí Fáwásì tó kọjá tán. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò sì ṣèèṣì.

Àlájà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fáwásì gbé e sókè sínú katapílà. Ó fúyẹ́. Bàbá Fáwásì náà fúyẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e.

Wọ́n dé oríta nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́sàn-án lù. Awakọ̀ ọsibítù fi orí lé sítíárì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ tètè dé, Ìyá. N ò tiẹ̀ lè wakọ̀ báyìí. Ibùsùn orí pápá!"

Ọ̀sán ni Páṣà jáde. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀, ó wọ bàtà Jámánì, ó fẹ́ fi páànù tí wọ́n fi ń gbé tíì gbẹ́ ọ̀nà jáde. Àwọn aládùúgbò ti gun ògiri, fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

"Páṣà, pápá ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ó máa gbẹ́ ẹ, ó fẹ́ dín mítà rẹ̀ kù ni!"

"Àpò búrẹ́dì mẹ́wàá ló ní, kò lè pa á!"

Ó yọ̀, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè. Ìwé abẹ́ bàtà já bọ́. Ìyá Rámì mú un, ó gbé e sókè fún gbogbo ènìyàn.

"Ẹ wá wò ó! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà lónìí!"

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Fáwásì ń mu tíì nílé Àlájà. Ẹsẹ̀ Àlájà tó wú ti ń rọlẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan pè wọlé, ó fún imú pọ̀ kí wọ́n má baà dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

"Mo fẹ́ fẹjọ́ sùn. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà mi láti àná. Kò sẹ́ni tó wá ṣí i. Ìjọba dà?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ta là ń bá sọ̀rọ̀?" Lámísì bi í.

"Ará ìlú kan."

"Níbo lẹ ti ń pè?"

"Láti… ẹgbẹ̀fà mítà."

Lámísì mí kanlẹ̀.

"Ó yà wá lẹ́nu o, sà. Ọ̀gá tó wà nídìí rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún wa lánàá pé gbogbo ọ̀nà ṣí. Ó ní èèyàn lè fi sílípáàsì rìn ín."

Fóònù kú.

Àlájà rẹ́rìn-ín títí tíì fi dànù sí i lára. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Fáwásì, ọmọ mi. O ò wá lọ ṣí i fún un?"

Fáwásì wo ìta. Katapílà wà lẹ́nu ọ̀nà Àlájà. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó fèsì.

"Mò ń dúró de àṣẹ ni, Ìyá. Ẹni tó ń pàṣẹ ni ò rí ọ̀nà jáde."