Aago Ìrun Tí Sherifdeen Sé Mọ́nú Ọjà

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Ọláyanjú ní Mafoluku lánàá, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ á ní irọ́ ni.

Àjíbíkẹ́ ló pe Sherifdeen lẹ́jọ́. Àwọn méjèèjì ló ṣe áàpù tí àwọn ọlọ́jà Òṣòdì fi ń tajà fún àwọn ará Ìsọlọ̀ àti Àgọ́ Palace. Ti Sherifdeen ń jẹ́ Ọjà Kan, ti Àjíbíkẹ́ ń jẹ́ Wá Rà Á. Oorun ò kun Àjíbíkẹ́ mọ́. Gbogbo ohun tó ní ló ti kó lé Wá Rà Á, àwọn ọlọ́jà sì ń yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, àfi kó tì í pa.

"Kí ló ṣe fún ẹ gan-an?" Baálẹ̀ bi í.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí! Òun ni gbogbo ọjà ń gbé fóònù fún kó bá wọn sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó wá mú aago tó ń pèrun fún wọn, ó sé e mọ́nú Ọjà Kan. Bí wọ́n bá ti gbé tèmi sórí fóònù báyìí, aago ìrun á yadi!"

Baálẹ̀ yíjú sí Sherifdeen, tó wọ jalabíà funfun báláú bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Àánú wọn ló ṣe mí."

"Àánú báwo?"

"Fóònù tó bá ní ọjà méjì nínú, ọkàn ẹ̀ á pínyà. Kò ní mọ ìgbà tí Alásárì tó mọ́. Ìrun àti ọjà ò ṣeé yà. Ẹ̀sìn ni mò ń dáàbò bò."

Ẹ ò rí i pé ojú ò ti ọkùnrin yìí! Àjíbíkẹ́ di ọwọ́ àga mú, kó má baà fò dìde.

Wọ́n pe Alhaja Ìsíátù, tó ń ta bàtà ọmọdé, kó wá jẹ́rìí fún Sherifdeen.

"Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi fúnra mi ni mo yọ Wá Rà Á."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yọ ọ́?"

"Ó kàn wù mí ni."

"Alhaja, ẹ ti búra o."

"Ó dáa. Fóònù ló kọ ọ́ sí mi gàdàgbà, lẹ́tà pupa: 'Alhaja, èwo lẹ fẹ́, ọjà kejì ni àbí àlùjánnà?'"

"Ẹ wá ní kí ni?"

"Háà, Baálẹ̀! Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó kan Bàbá Zakariyah, tó ń ta kẹ́tùlù àlùwàlá. Ẹlẹ́rìí Àjíbíkẹ́ lòun.

"Èmi ò nílò aago ẹnikẹ́ni. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, etí mi ni mo fi ń gbọ́ ìpè. Ọjà Kan ò tiẹ̀ sí lórí fóònù mi."

Kò tíì pa ẹnu dé tí àpò ẹ̀ fi pèrun. Ti Alhaja pè, ti àwọn ìjòyè pè, ti Baálẹ̀ alára pè lábẹ́ tìmùtìmù. Bí ìpè ti parí, ohùn Sherifdeen jáde nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: "Lẹ́yìn ìrun, ẹ má gbàgbé o, owó sálúbàtà ti wálẹ̀ ní Ọjà Kan!"

"Àní nínú tèmi?" Baálẹ̀ figbe ta.

"Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é fún yín, Bàbá."

Wọ́n jáde lọ kírun. Nígbà tí wọ́n padà, Baálẹ̀ rọra jókòó.

"Sherifdeen, o ní ìrun àti ọjà ò ṣeé yà?"

"Kò ṣeé yà láyé."

"O ṣeun. Mi ò ní bá ẹ yà á. Láti ìsinsìnyí lọ, ọ́dà tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ sí Ọjà Kan, kó o tó dáhùn, wàá ṣe àlùwàlá, wàá kírun òpó méjì. Ọ́dà kọ̀ọ̀kan o! Ẹ tẹ́ní fún un, ibí ni ká ti bẹ̀rẹ̀."

Fóònù Sherifdeen dún. Ó fọwọ́, ó fọsẹ̀, ó kírun. Kó tó sálámà parí ìrun, òmíràn ti dún, òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Baálẹ̀, ẹ dákun, ọ́dà ti ń pọ̀ jù!"

"Ẹ̀sìn lo ń dáàbò bò. Omi ò dé ìgbọ̀nwọ́ òsì yẹn, tún un fọ̀."

Àwọn oníbàárà dúró títí, ó sú wọn. Bó ṣe di pé fóònù Àjíbíkẹ́ dún nìyẹn. Ọ́dà ni! Ó tún dún. Àjíbíkẹ́ fi ìborùn bojú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Sherifdeen gbọ́ ọ láti ibi tó foríkanlẹ̀ sí. Ó fò sókè.

"Wọ́n ṣeé yà! Bàbá, wọ́n ṣeé yà! Kíá báyìí ni!"

"Mo gbọ́," ni Baálẹ̀ wí. "Wàá yà wọ́n níṣojú mi. Àmọ́ o ti sọ̀rọ̀ lórí ìrun, ìyẹn ti bàjẹ́. Ẹ bomi míì fún un, kó bẹ̀rẹ̀ látòkè."