Ògiri Roboto Tó Dá Ọláníhún Lóhùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ta nínú yín ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ògiri létí? Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí yunifásítì tó dé, kó dákẹ́ ná kí n sọ tèmi tán.

Wọ́n kọ́ ilé sáyẹ́ǹsì tuntun kan sí yunifásítì kan. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ní òun ò fẹ́ igun kankan níbẹ̀, ló bá mú ògiri rẹ̀ yípo roboto, ó sì ń dán bí àwo. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, Ọláníhún, olùkọ́ kẹ́mísírì, fara ti ògiri náà, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Akínbọ̀dé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"A ní kí wọ́n kọ́lé ìmọ̀ fún wa, wọ́n dojú agbada gàrí délẹ̀."

Ohùn kan jáde lára ògiri, ó wúwo bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. "Kí lo pè ní agbada?"

Kí Ọláníhún tó wẹ̀yìn, Akínbọ̀dé ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Orí Ọláníhún wú. Ó rántí pé igbó ìgbàlẹ̀ àwọn egúngún ni wọ́n gé kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí. Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀ fún ògiri.

"Ẹ má bínú, Baba. Èmi kọ́ ni mo gé igbó yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéwùsì, ọ̀gá wa, ni."

"Èwo ni Adéwùsì?"

"Obìnrin tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ yẹn. Òun ni kẹ́ ẹ mú."

Ohùn náà tún jáde lára ògiri.

"Ṣé kí n mú un báyìí?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Baba. Ọ̀la ló máa fọwọ́ sí ìwé tí iṣẹ́ mi á fi dúró. Tó bá ti fọwọ́ sí i tán, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀kẹ̀ pẹ̀kẹ̀. Ó dijú. Nígbà tó là á, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéwùsì ló dúró lé e lórí, ayàwòrán ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ẹ dìde, sà," ni ayàwòrán wí. "Bí ògiri ṣe yípo yẹn, ohùn máa ń tọ̀ ọ́ dé òdìkejì; ibẹ̀ ni èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń gbọ́ yín, èmi ni mo sì ń dá yín lóhùn. Kò yẹ kéèyàn sọ̀rọ̀ létí ògiri."

"Létí ògiri kọ́," ni Ọláníhún wí nílẹ̀ tó wà. "Ògiri létí."

"Màá fọwọ́ sí i," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Àmọ́ ara ògiri yìí ni ọ́fíìsì rẹ máa wà. Tèmi á wà ní òdìkejì."

Láti ọjọ́ náà, bí Ọláníhún bá fẹ́ bú ọ̀gá rẹ̀, ó di inú oko. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé ọbẹ̀ dùn, ó kọ́kọ́ wo ògiri ilé ìdáná. Ó ní ó dùn. Ọbẹ̀ náà ò sì níyọ̀ rárá.

Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ní kẹ́ ẹ rọra máa sọ̀rọ̀: ògiri létí.