Agbádá Látúndé lọ́jọ́ tí omi gun Òkè-Agbọ́n

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n má baà pariwo. Ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ? Kò sí? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín kàn ń pa òwe náà ni, ẹ ò mọ ẹni tó jìyà rẹ̀. Ẹnjiníà Látúndé ọmọ Ìdó-Àràbà ló jìyà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó bí Látúndé, ẹ bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ omi ni Látúndé kọ́ ní yunifásítì. Òkè-Agbọ́n, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, ló ga jù nílùú, omi ẹ̀rọ ò sì débẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wà lọ́mọge ló ti ń pọnmi lódò gun òkè náà, títí orúnkún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lọ́jọ́ tí Látúndé gba ìwé ẹ̀rí, ó ní, "Màámi, èmi ni màá gbé omi wá bá yín nílé." Ìyá rẹ̀ ní, "Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí mi sí." Ọdún mẹ́tàlá kọjá, ìyá ṣì ń pọnmi.

Ẹ má bínú sí Látúndé. Kì í ṣe iṣẹ́ dídára nìkan ni wọ́n fi ń di ọ̀gá níbi iṣẹ́ omi. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹnjiníà máa ń ṣe ìpàdé ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń pín káàdì, kí ẹni kékeré lè mọ ẹni ńlá. Látúndé máa ń lọ, àmọ́ ojú máa ń tì í. Bó bá ti rí àwọn ọlọ́lá níwájú, ẹ̀yìn ilé ni yóò gbà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, àwọn tó ń so páìpù, àti àwọn obìnrin tó ń yẹ omi wò bóyá ó mọ́. Yóò máa bi wọ́n pé, "Ẹ̀rọ yín tó ń wúkọ́ lésìí ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti yá?" Bí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni nínú wọn bá dákú nílùú ọ̀nà jíjìn, Látúndé á wọ mọ́tò lọ bá a.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Látúndé, ta lo mọ̀ gan-an?"

"Mo mọ Bàbá Ràmọ́nì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Ràmọ́nì ló ń ṣọ́ àwọn fáàfù Ìdó-Àràbà, ìyẹn irin róbótó tí wọ́n ń yí láti fi ṣí omi tàbí láti fi tì í. Ogójì ọdún ló ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ní ọdún náà, ọ̀gá iléeṣẹ́ omi ìlú náà fẹ̀yìn tì. Látúndé ti ri páìpù tuntun gun Òkè-Agbọ́n, Alága àwọn oníṣẹ́ omi sì ń bọ̀ fúnra rẹ̀ wá wò ó. Bí omi bá gun òkè lójú Alága, Látúndé di ọ̀gá. Bí kò bá gùn ún, àjèjì kan ni wọ́n máa gbé wá, ẹni tó ti ń sọ pé òun máa hú páìpù náà lọ síbòmíràn. Ìyẹn ni pé ìyá Látúndé á pọnmi títí tó fi máa kú.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀? Òwe yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé Látúndé jẹ́. Ó dá agbádá funfun kan tó fẹ̀ débi pé ọmọ mẹ́ta lè sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n kun gbogbo iléeṣẹ́ omi ní ọ̀dà búlúù: ògiri, páìpù, fáàfù, títí kan òkúta ẹnu ọ̀nà. Ewúrẹ́ kan tó lọ fara nu ògiri, òun náà gbé búlúù relé. Lẹ́yìn náà, ó rọra bẹ Bàbá Ràmọ́nì pé kó dúró sẹ́yìn, nítorí bàtà rẹ̀ ti lanu. Bàbá ní, "Kò burú, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó dun Látúndé náà, àmọ́ ó ti sọ ọ́.

Ohun tí Látúndé ò mọ̀ rèé. Gbogbo fáàfù tó lò rí, bó bá yí i sí ọ̀tún, á tì. Ti ìsàlẹ̀ òkè yìí, èyí tó ń rán omi gun òkè, ti àtijọ́ ni, bẹ́ẹ bá yí i sí ọ̀tún, ṣíṣí ló ń ṣí. Bàbá Ràmọ́nì ti fi ọ̀dà pupa ya àmì sí i lára kí ẹnikẹ́ni má ṣe àṣìṣe. Búlúù ti bo àmì náà.

Alága dé. Àwọn tí Látúndé máa ń bá tún ẹ̀rọ ṣe náà dé láti ìlú mọ́kànlá láìjẹ́ pé ó pè wọ́n, nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dán ẹnjiníà àwọn wò. Ẹ̀yìn ni wọ́n dúró sí. Bàbá Ràmọ́nì ti ṣí fáàfù náà díẹ̀ láti àárọ̀, kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè máa jáde. Látúndé ní òun fẹ́ tì í ná, kí Alága lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ó yí i sí ọ̀tún. Omi bú ramúramù. Ó ní ọwọ́ òun ni kò le tó, ó tún yí i. Bó ṣe ń tì í ló ń ṣí i.

Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde wà lábẹ́ agbádá rẹ̀. Omi tú síbẹ̀, agbádá wú, ó bọ́ gba orí, ó fò lọ kọ́ sórí òpó iná. Bùbá ya tẹ̀ lé e. Ṣòkòtò mumi yó, okùn rẹ̀ já, ó bá àgbàrá lọ. Ó wá ku pátá tí ìyá rẹ̀ fi àpò ìyẹ̀fun rán fún un, tó máa ń wọ̀ fún oríire. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ìdí rẹ̀ pé kí omi má kàn án.

Àwọn ọlọ́lá sá sẹ́yìn. Bàbá Ràmọ́nì sá síwájú tòun ti bàtà tó lanu. Kíá, gbogbo àwọn ará ẹ̀yìn ti yí Látúndé ká, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, èjìká kan èjìká.

"Ọmọ mi, òsì ni kó o yí i sí," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Yí i sí òsì ná. Ẹkún ń bọ̀ lẹ́yìn."

Wọ́n jọ dá a padà díẹ̀, wọn ò tì í tán, wọ́n sì dí ihò afẹ́fẹ́; omi fara balẹ̀, ó gba inú páìpù lọ. Ó ku fáàfù kejì tó wà lórí òkè. Báwo ni Látúndé ṣe máa débẹ̀? Gbogbo wọn ló yí i ká, tí wọ́n jọ ń rìn! Ogójì èèyàn ń gun òkè bí ọgbà tó ní ẹsẹ̀, ohùn kan ń ti àárín wọn jáde: "Ẹ rọra o, kòtò wà lápá ọ̀tún!"

Alága ń mí hẹlẹ-hẹlẹ tẹ̀ lé wọn. "Ẹnjiníà dà?"

"Ó wà nínú ilé, sà," ni obìnrin kan dáhùn.

Wọ́n dé òkè, wọ́n ṣí fáàfù. Ẹ̀rọ iwájú ilé ìyá Látúndé wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu afẹ́fẹ́, omi sì dà ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìyá náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sunkún, ó bu omi náà mu. Ó wá fipá wọ àárín àwọn èèyàn láti dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Látúndé! Èyí ṣì ń bẹ?"

"Màámi, ẹ̀yin lẹ rán an."

Ó fẹ́ tú ìborùn rẹ̀ fún un. Bàbá Ràmọ́nì ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀. Ó ti wọṣọ."

Alága rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí ẹnjiníà tó gbé aṣọ olówó ńlá wọ̀, mi ò rí èyí tó gbé ogójì èèyàn wọ̀ rí. Ìwọ ni ọ̀gá wọn láti òní lọ. Àmọ́ lọ wá ṣòkòtò."

Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń bi ìyá Látúndé pé báwo ló ṣe jẹ́, ó ń rọ omi sínú garawa, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Aṣọ fi ọmọ mi sílẹ̀, ó sá gorí òpó. Èèyàn ò sá. Ẹ̀yin náà ẹ fojú rí i: ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ."